Dúpẹ́, O Bi Mí Bí Mo Ṣe Mọ̀ Pé Bàbá Yín Ni

Koumassi,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Dúpẹ́ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Kí o tó ka ìwé yìí, jókòó ná. Má kà á nínú ọkọ̀ gbaka, torí bí o bá ń rẹ́rìn-ín tàbí tí o ń sunkún láàárín èrò Abobo, wọn á ní nǹkan ń ṣe ọ́. Ìyá Ìbejì ìjọ wa ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ yín lọ́la, òun ni mo fi rán. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, torí Faransé mi kò kọjá ti ọjà, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà. Mo mọ̀ pé kíka Yorùbá máa ń dá ọ lágara. Èyí tí ojú rẹ kò bá mọ̀, kà á sókè, etí rẹ á mọ̀ ọ́n.

Ìwọ náà mọ ohun tó fà á. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, o wá bá mi ní kíṣìnnì níbi tí mo ti ń se ọbẹ̀ ilá. O dúró sẹ́yìn mi, o ní, "Maman, comment vous avez su? Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé Papa ni?" O ní Konan ti kó gbogbo ìwé jọ, ọjọ́ Ẹtì yìí ni ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ gbé e lọ sí mairie, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, kí wọ́n lè fún yín ní ọjọ́ ìgbéyàwó. O ní Konan kò ṣẹ̀ ọ́, ṣùgbọ́n o kò mọ̀ bóyá ohun tí o ní lọ́kàn fún un tó ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ fẹ́ ọkọ. Mo dá ọ lóhùn pé kí o bá mi mú ṣíbí. O mú ṣíbí fún mi. O jẹun, o dágbére fún bàbá rẹ, o bá tìrẹ lọ. Láti ìgbà náà ni ojú ti ń tì mí.

Mo wá pinnu pé n óò kọ lẹ́tà ìmọ̀ràn sí ọ bí àwọn ìyá tó gbọ́n ṣe máa ń kọ ọ́, èkíní, èkejì, ẹ̀kẹta, pẹ̀lú òwe tó bá a mu. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbàlagbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà. Mo ṣí ewé, Àbẹ̀kẹ́, n kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti wà nílé ọkọ. Ẹni tó bá rí mi á ṣebí mo ti gboyè nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ àná, mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, aṣọ iléèwé mẹ́sàn-án wà nílẹ̀ tí wọ́n ń dúró dè mí, n kò rán ẹyọ kan. Ìbéèrè rẹ ti tú mi ká.

Ohun tó tún dá kún un ni àwọn ọmọ kíláàsì mi. O mọ̀ pé èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ìjọ lẹ́kọ̀ọ́ ní agogo mẹ́rin ọjọ́ Àìkú. Bí o ṣe kúrò nílé báyìí, ọ̀dọ̀ wọn ni mo lọ. Ọ̀rọ̀ ìdílé ló yẹ kí n bá wọn sọ. Mo pa á tì. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ, báwo lèèyàn ṣe ń mọ ẹni tó yẹ kó fẹ́?" Àbí ta ni kí n bi? Ìyàwó pásítọ̀? Kó lè di ohun tí gbogbo ìjọ ń gbàdúrà sí?

Grâce, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló kọ́kọ́ nawọ́. "Tata, moi, mo ti ṣe mariage ní ẹ̀ẹ̀mejì ní école."

Mo ní, "Ìgbéyàwó ẹ̀ẹ̀mejì níléèwé kẹ̀?"

"Oui. Ti àkọ́kọ́, kò mọ eré sá, mo ti fi í lẹ̀. Ti èkejì, ìyá ẹ̀ mú un lọ sí école míì."

Mo bi í bóyá ó sunkún nígbà tí ọkọ kejì lọ. Ó ní, "Non, Tata. Ọjọ́ yẹn, gâteau wà, kéèkì aládùn."

Josué, ọmọ ọdún mẹ́fà, sọ pé òun kò fẹ́ ọmọ iléèwé kankan. "Mémé mi ni mo máa fẹ́. Ó ti mọ ibi tí bàtà mi wà." Mo ní ìyá àgbà ti lọ́kọ. Ó ní, "Ọkọ ẹ̀ ti kú, donc place-là, ó ṣófo." Mo fi etí aṣọ bo ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rìn bọ̀ wálé, ọ̀rọ̀ náà kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ta ló mọ ibi tí bàtà mi wà? Bàbá yín ni. Bí mo bá ń wá a kiri, wọn kì í gbójú sókè, wọ́n á kàn ní, "Abẹ́ àga." Ṣé ìfẹ́ nìyẹn, àbí yàrá wa ló kéré?

Ìmánúẹ́lì, ọmọ ọdún méje, ní ti ìfẹ́, kò le rárá. Ó ní bí wọ́n bá gé búrẹ́dì pain sí méjì, tí ìkan sì tóbi ju ìkejì lọ, "o máa fún un ní gros morceau yẹn. Mais o máa ń wò ó." Ó fi ojú hàn mí bí wọ́n ṣe ń wò ó. Dúpẹ́, mo mọ ojú yẹn. Mo ti fi wo ẹran inú àwo bàbá yín fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Rúùtù ló kẹ́yìn, ọmọ ọdún márùn-ún tí kì í sábà sọ̀rọ̀. Wọ́n mú un lọ síbi ìgbéyàwó àǹtí rẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ó ní, "Tata, monsieur tó gbé àsíá drapeau kọ́ àyà ní mairie yẹn, tó bá bi ìyàwó, tí ìyàwó ní non, ta ló máa jẹ ìrẹsì?"

Kíláàsì dàrú. Josué ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹun kí wọ́n tó bi í. Grâce ní àwọn ará ilé ọkọ á gbé tiwọn lọ sílé. Mo na ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́, mo ní ẹ má da ara yín láàmú, ìyàwó kì í sọ pé rárá. Rúùtù wò mí. Ó ní, "Donc kí ló dé tí wọ́n ń bi í?"

Mo ní kí a kọrin. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ti àgbà kò sí níbẹ̀.

Ó dáa, jẹ́ kí n wá sí ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ Abidjan máa ń sọ pé gbê est mieux que drap, pé òtítọ́ sàn ju ìtìjú lọ. Gba òtítọ́, nígbà tó jẹ́ pé òun lo béèrè.

O ti ń gbọ́ láti kékeré pé fọ́tò ni wọ́n fi fẹ́ mi láti Èjìgbò. Kò tì mí lójú, ìdajì àwọn ìyá tí o mọ̀ ní Koumassi, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe dé. Ọkùnrin á wà níbí, á fi fọ́tò ránṣẹ́ sílé, àwọn ẹbí á fi han ọmọbìnrin, wọn á ṣètò, ọmọ á wọkọ̀. Ohun tí o kò gbọ́ rí ni pé èèyàn méjì ló wà nínú fọ́tò tèmi. Ọ̀kan ga, ó wọ ṣòkòtò funfun, ó gbé ọwọ́ lé ìkejì tó kúrú léjìká. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé e wá, ó fi àtàǹpàkò tọ́ka sí i, ó ní, "Ọkọ rẹ nìyí." Àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n ìyá mi bo àwọn méjèèjì. Bí mo bá ní "èwo nínú wọn?", wọn á ní mo ti ń ṣa ọkùnrin ṣà. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun. Ẹni tó ga ni mo mú.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wò ó. Mo ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ nígbà náà, mo wá fi ojú wọ̀n ọ́n nínú fọ́tò, mo rán ẹ̀wù fún un, kí n má lọ bá ọkọ mi lọ́wọ́ òfo. Mo kó sọ́kọ̀, a gba Cotonou, a gba Lomé, a gba Accra, a dé Abidjan. Àwọn méjèèjì ló wá pàdé mi ní ibùdókọ̀. Mo rìn kọjá lára ẹni kúkúrú, mo lọ kúnlẹ̀ fún ẹni gíga, mo ní, "Ẹ kú ìnáwó, olówó orí mi," mo gbé ẹ̀wù lé e lọ́wọ́.

Ẹni gíga yẹn ni Làmídì, ọ̀rẹ́ bàbá yín tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Bàbá Làmídì, tí wọ́n ti padà sílé báyìí. Wọ́n fò sẹ́yìn bí ẹni tẹ iná. Bàbá yín, ẹni kúkúrú yẹn, dúró síbẹ̀. Wọn kò bínú, wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n pe Bàbá Làmídì sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n jọ sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò gbọ́, wọ́n padà wá gbé àpò mi, wọ́n ní, "Ó ti rẹ̀ ọ́. Jẹ́ ká lọ jẹun ná." Bí mo ṣe di ìyàwó bàbá yín nìyẹn. Fún nǹkan bí ọdún kan, bí wọ́n bá ń sùn, mo máa ń wo gígùn wọn lórí ẹní.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn èkíní: béèrè. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ yìí, mo rí i pé èmi tí n kò béèrè, n kò mọ̀ bóyá mo ṣìnà. Bí mo bá béèrè ni, ǹ bá ní n kò fẹ́ ẹni kúkúrú yẹn. Ìwọ ńkọ́ nígbà náà? Fi èkíní sílẹ̀ ná, n óò padà sí i.

Èkejì: bi í ní ohun tó ń jẹ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan náà ló sọ fún mi pé ọkùnrin tó bá ti pẹ́ ní Abidjan kì í jẹ ohun tí kò bá ta. Oṣù méje ni mo fi ń rọ ata sí ọbẹ̀. Èmi fúnra mi, n kì í jẹ ata. Bàbá yín, inú ń run wọ́n láti kékeré. A ó jókòó, a ó máa jẹ ẹ́, òógùn á máa ṣàn, wọ́n á ní, "Ó dùn," èmi á ní, "Ẹ ṣeun." Maman Awa, obìnrin ẹ̀yà Dyula tí a jọ ń gbé àgbàlá kan náà nígbà náà, ló wá kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, ó ní, "Vous là, qui est mort chez vous? Chaque soir vous mangez, vous pleurez." Ó ní ta ló kú sí wa tí a fi ń sunkún jẹun. Ọjọ́ yẹn ni àwa méjèèjì kọ́kọ́ jọ rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kọ ọ́ fún ọ pé òmùgọ̀ ni wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pain Ìmánúẹ́lì dí mi lọ́wọ́. Ẹni tó jẹ ata oṣù méje pẹ̀lú inú rírun nítorí kí ojú má tì mí, kí ni ká pe ìyẹn? N kò mọ̀. Ṣáà bi Konan.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀wù yẹn. Bàbá Làmídì kò gbà á, wọ́n fún bàbá yín lọ́jọ́ náà gan-an. Apá rẹ̀ bo ìka wọn, ó wọ́ dé orúnkún. Àbẹ̀kẹ́, wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á ká apá rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á jókòó níwájú. Èmi aránṣọ, tó ní sísọ́ọ̀sì àti abẹ́rẹ́ nínú yàrá, èmi tí iṣẹ́ yẹn kò ní gbà ju wákàtí kan lọ, n kò gé e. Ọdún méjì. Bí mo bá gé e, á jẹ́ pé mo ti gbà pé àwọn ló ni ín. Ìwà ìkà ni mo hù, n kò ní orúkọ mìíràn fún un. Ọ̀sẹ̀ tí mo lóyún rẹ ni mo tó mú un, tí mo gé e. Wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n wo ara wọn nínú dígí, wọ́n ní, "Ó ti bá mi mu báyìí." Ìyẹn nìkan. Má ṣe fi ìyà ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi ọkùnrin jẹ ẹ́, ọmọ mi. Èyí dá mi lójú, mo fi ọwọ́ sọ̀yà lórí èyí.

Mo rò pé lẹ́yìn ìyẹn, mo lè sọ fún ọ pé ìfẹ́ á máa bọ̀ lẹ́yìn, pé kí o fọkàn balẹ̀, kí o gbé ìwé lọ. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ nìyẹn. Ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́, àdúrà díẹ̀, ó parí. Ìgbà náà ni mo rántí Ṣadé tí a jọ wọ ọkọ̀ kan náà láti Èjìgbò. Òun, ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú fọ́tò tirẹ̀. Ẹni tó rí ló bá, ó rẹwà, ó sì ga. Kò pé ọdún méjì tí Ṣadé fi kó ẹrù rẹ̀ padà sílé, ojú rẹ̀ wú. Èmi tí mo ṣì í mú, mo jókòó. Kí ni kí n fi kọ́ ọ? Pé kí o máa ṣì í mú?

Nígbà tó sú mi, mo lọ bá bàbá yín gan-an lánàá. Wọ́n ń tú ẹ́ńjìnnì fíríìjì oníbàárà kan lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Bàbá Dúpẹ́, ìgbà wo lẹ mọ̀ pé èmi ni?"

Wọ́n ní, "Pé ìwọ ni kí ni?"

"Pé èmi ni kí ẹ fẹ́."

Wọ́n tú nọ́ọ̀tì kan, wọ́n tú èkejì. Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí o dé, n kò mọ̀. Mo pe Làmídì sẹ́yìn ọkọ̀, mo ní, ìwọ ni ọmọ yìí ń wò o. Bí o bá fẹ́ ẹ, mú un, n kò ní bínú."

Dúpẹ́, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń rò pé wọ́n ń bá Bàbá Làmídì sọ̀rọ̀ owó ọkọ̀.

Mo ní, "Kí ni Làmídì wí?"

"Ó ní tòun ti wà lọ́nà."

"Ẹ kò wá lè bi mí?"

Wọ́n gbójú sókè. "Bi ọ́ kẹ̀? Ta ló ń bi ìyàwó nígbà náà? Èmi náà, wọn ò bi mí. Bàbá mi ló ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́."

Mo pariwo. Mo ní ẹ fẹ́ fi mí tọrẹ bí àpò gààrí. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí ibùsùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá nínú gbogbo wọn, nínú bàbá mi, ẹ̀gbọ́n ìyá mi àti àwọn tó kó obì jọ, bàbá yín nìkan ló wo ojú mi tí wọ́n mọ ohun tí mò ń fẹ́. Ṣé ẹni tó fẹ́ tà mí dànù ni mo fẹ́, àbí ẹni tó fẹ́ tú mi sílẹ̀? Mo padà síta. Mo ní, "Ẹ̀wù yẹn ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ fi ń wọ̀ ọ́?" Wọ́n ní, "Ìwọ lo rán an." Mo bá lọ gbé oúnjẹ wá fún wọn. Mo ṣì ń bínú bí mo ṣe ń bù ú, mo sì fi ẹran kún un.

Mo fẹ́ràn bàbá yín. Kọ ìyẹn sílẹ̀ pé mo sọ ọ́. Bí wọ́n bá pẹ́ níta, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe mọ̀ pé àwọn ni, n kò mọ̀ ọ́n rí, àwọn náà kò mọ̀ ọ́n. Ó bọ́ sí i ni. Ohun tó sì bọ́ sí i fún mi lè má bọ́ sí i fún ọ, n kò lè fi ọjọ́ ayé rẹ dán an wò.

Mo mọ ohun tó ń dẹ́rù bà ọ́ tí o kò sọ. Àwọn ẹbí Konan ti ṣe kôkôkô, wọ́n ti wá kan ilẹ̀kùn wa, a ti mu ohun mímu wọn. Ìyá rẹ̀ ti ń pè mí ní àna. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ ní Plateau ti ń sọ̀rọ̀ aṣọ. Konan fúnra rẹ̀, ọmọ dáadáa ni, kò tíì kí mi ní "Ẹ káàárọ̀" ní àárọ̀ rí, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń kí mi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dọ̀bálẹ̀ sí i. O rò pé ó ti pẹ́ jù láti ronú. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wa kọjá Cotonou.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn mi kan ṣoṣo tó kù nìyí, kì í ṣe ìmọ̀ràn pàápàá. Ẹnikẹ́ni kò bi mí rí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé fọ́tò wá títí di òní. Èmi ń bi ọ́. Dúpẹ́, ṣé o fẹ́ Konan?

Bí o bá fẹ́ ẹ, gbé ìwé lọ lọ́jọ́ Ẹtì, n óò rán aṣọ rẹ fúnra mi. Bí o kò bá fẹ́ ẹ, má lọ síbì kankan. Má ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni n óò wọ takisí wôrô-wôrô lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, èmi ni n óò kúnlẹ̀, èmi ni n óò gba èébú tó bá wà níbẹ̀. Bàbá rẹ á bá mi lọ, mo ti sọ fún wọn, wọ́n ní àwọn á wọ kóòtù. Bí o kò bá sì mọ̀ síbẹ̀, "n kò mọ̀" náà jẹ́ èsì. Ọjọ́ Ẹtì pọ̀ lọ́dún.

Má sọ èsì náà fún mi lórí fóònù. Wá sílé kí o sọ ọ́ lójú mi, kí n lè rí i pé ìwọ lo sọ ọ́.

Èmi ni,
ìyá rẹ tó bí ọ, tí kò mọ̀ ju èyí lọ.